Ẹni Tó Bá Mi Mú Ẹ̀jẹ̀ Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́, àmọ́ ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn yòò!

Ilé ìwòsàn kan ní Ore ni wọ́n pín mi sí láti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé abiyamọ kan dé láti Omifunfun. Ó ti bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Èmi àti ọ̀gá mi fẹ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fíríìjì bá tirẹ̀ mu, torí èyí tí kò bá mu, pípa ni yóò pa á.

A máa ń po méjèèjì pọ̀ nínú ìgò tín-ín-rín, a ó fi ẹ̀rọ oníná mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ká tó wò ó. Àfi bí iná ṣe lọ! Ọ̀gá mi sáré jáde lọ wá epo sí jẹnẹrétọ̀.

"Di ìgò náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́," ló wí.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo dì í títí, kò lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọkọ obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń lọ." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, dókítà!

Ni ẹnìkan bá na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mi. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ó wọ kóòtù funfun bíi tiwa. N ò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn o.

"Gbé e wá," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìka rẹ̀ kan tèmi, ó tutù bíi yìnyín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dá ìgò padà, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́! Mo fi máíkírósíkóòpù wò ó lójú fèrèsé: ẹ̀jẹ̀ ti ṣù mọ́ra. Kò bá a mu! Mo pariwo pé kí wọ́n wá òmíràn. Ayọ̀ gbé mi pé a kò tíì fà á sí i lára, mo kúnlẹ̀: "Ẹ ṣé mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gbójú sókè, ògiri nìkan ni mo rí.

Ọ̀gá mi gbé kẹ́ẹ̀gì epo dé, mo rò ó fún un tayọ̀tayọ̀. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé o kí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àgbà ni wọ́n."

"Ó ti bá àwọn kan ṣiṣẹ́ rí níbí. Ẹni tó bá kí i ló máa ń tẹ̀ lé relé."

Ẹ̀jẹ̀ àbúrò ọkọ abiyamọ náà ló bá a mu. Abiyamọ yè, ó ti gbọ́mọ rẹ̀ lọ sílé! Bó bá tún di ọ̀la, màá tún gbé ìgò lé ìyá yẹn lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, bó bá na ọwọ́ sí yín, ẹ gbé ìgò fún un, kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́. Èmi kí i. Láàárọ̀ yìí, nínú yàrá tí mo háyà, mo nawọ́ láti wọ kóòtù mi, ẹnìkan ti bá mi di apá kóòtù náà mú.