Ìgò Òfìfo Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yọ Kúrò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ gbà á lẹ́nu mi, nítorí èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ó ti ń lọ sí ọdún kan tí èmi àti ẹ̀ ti jókòó sọ̀rọ̀ gidi kẹ́yìn. Inú ilé kan náà là ń gbé o. Èmi ń ránṣọ ní yàrá iwájú, òun ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn, a sì ń kí ara wa bí àlejò.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bu ẹrẹ̀ àbàtà, kó sì máa gba ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà ti rẹ́rìn-ín tiwa nígbà yẹn, àwọn ọmọ àdúgbò tiẹ̀ sọ ọ́ ní Àǹtí Ìgbẹ́, òun náà sì ń dá wọn lóhùn. Ọ̀gá ẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, fẹ́ mọ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ẹrẹ̀, kó sì mọ àwọn tó ń gbé inú ìfun ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí á fi pé ọdún kan. Ọjọ́ kan tí mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀gbọ́n mi là á yé mi. Ó ní wọ́n dà bí ayálégbé: àwọn kan á kọ́kọ́ kó wọlé, wọn á gbálẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀, àwọn tó bá sì pẹ́ níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí jàǹdùkú ráyè wọlé. Ó ní àbàtà ní tiẹ̀, ìfun ọmọ náà ní tiẹ̀, ilé kan ò bá èkejì dá nǹkan pọ̀.

Kí n má parọ́, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú. Tó bá ti ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, tó gbé e símú, á sọ fún yín bóyá omi ṣì ń dé ibẹ̀ tàbí kò dé ibẹ̀ mọ́. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn gọ́tà ńlá tó pààlà láàárín ilé tiwa àti àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ àbàtà, kò sí ìyá ọlọ́mọ tí kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, wọn á ti ká ìlédìí sílẹ̀ dè é. Òun náà kì í kàn gba ìgbẹ́ kó máa lọ. Á gbé ọmọ, á fọwọ́ wo ikùn ẹ̀, á béèrè bóyá ìyá rí oorun sùn. Ọmọ mọ́kànlélógójì ni. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sára ìgò, wọn kì í kọ orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tí ẹ máa pè tí kò ní mọ ọmọ tó ni ín.

Ohun kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kò ní ìwé ẹ̀rí ńlá. Gbogbo ìwé ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ, orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìgò mú ló ń wà níbẹ̀. Tiẹ̀ kò sí níbẹ̀ rí. Á mú ìwé náà bọ̀ wálé, á ka gbogbo orúkọ yẹn sí mi létí, á ní kò burú. Irọ́ ni. Ó dùn ún wọra.

Lọ́dún tó kọjá, èsì dé. Wọ́n ní kòkòrò àbàtà wà nínú ìfun ọmọ ọgbọ̀n nínú mọ́kànlélógójì. Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn, àfi bí ẹni tó bí ìbejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ lọ wo ìgò òfìfo. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí wà. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, wọn á fi ìgò kan sí i tí kò ní ẹrẹ̀, tí kò ní ìgbẹ́, kìkì omi tí wọ́n fi po àwọn yòókù ló máa wà níbẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá wá rí kòkòrò nínú ìyẹn, a jẹ́ pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló kó ìdọ̀tí bá gbogbo ẹ̀. Kòkòrò àbàtà kún inú ìgò òfìfo yẹn bámúbámú. Lójú ẹsẹ̀ ló rántí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kánjú lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní kí wọ́n po ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ lórí tábìlì kan náà, kí wọ́n bu omi nínú ike kan náà. Ṣíbí ẹrẹ̀ ti wọ inú ike.

Ó lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn tún un ṣe, pé ìgbẹ́ àwọn ọmọ ṣì kù nínú firísà. Ọ̀gá ní kò sáyè. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó mú un.

"Yọ ìgò yẹn kúrò nínú àkọsílẹ̀. Orúkọ tìẹ ló máa tẹ̀lé tèmi nínú ìwé yìí."

Ó délé, ó bi mí kí lòun máa ṣe. Èmi aránṣọ, kí ni mo mọ̀? Mo ní kó gbà. Mo ní ọdún mọ́kàndínlógún tó gẹ́ẹ́. Mo ní ìgò lásánlàsàn, ta ló máa pa? Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́. Bó ṣe yọ ọ́ nìyẹn, tó fọwọ́ síwèé. Nígbà tí ìwé náà jáde, èmi ni mo yangàn jù nínú àwa méjèèjì, mò ń nàka sí orúkọ ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará ọ́fíìsì ilẹ̀ pe àwọn ará ìsàlẹ̀ sí ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Ó ti pẹ́ tí ojú wọn ti wà lára ilẹ̀ yẹn, wọn ò rí nǹkan dì mú ni. Wọ́n ti wá rí i báyìí. Ọ̀gá wọn dìde, ó ní ìwádìí ti fi hàn pé àbàtà ti wọ inú ìfun àwọn ọmọ, pé nítorí ìlera wọn, gbogbo ẹni tó ń gbé lẹ́yìn gọ́tà gbọ́dọ̀ kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó gbé ìwé náà sókè. Ó ka orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ka ti ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Mo fà á láṣọ, ó já ara ẹ̀ gbà. Ó sọ gbogbo ẹ̀, ti ìgò, ti ike, ti ṣíbí, ó ní ìfun àwọn ọmọ yìí kò ní nǹkan kan, pé ọwọ́ àwọn ló dọ̀tí. Ọkùnrin yẹn fi sùúrù gbọ́ ọ tán, ó bi í bóyá orúkọ ẹ̀ nìyí, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ni. Ó bi í bóyá ó fọwọ́ síwèé, ó ní òun fọwọ́ sí i.

"Mọ́mì, èwo ni ká wá gbà, ti ìwé àbí ti ẹnu?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ sídìí firísà, kó lè fi ìgbẹ́ tó kù tún àyẹ̀wò ṣe. Wọ́n ti kó gbogbo ìgò ọmọ dànù, wọ́n ní ìwádìí ti parí. Àwọn ará ọ́fíìsì ilẹ̀ kọ̀wé bi Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fèsì pé òṣìṣẹ́ tí kò kàwé tó ni, kò yé e. Ọkùnrin tó ti ń jẹun iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún! Mo bínú sí i. Mo tún bínú sí ẹ̀gbọ́n mi pé ó fọwọ́ síwèé, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo ní kó ṣe é.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, katakátá dé. Ìdí gọ́tà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé, wọn ò fọwọ́ kan ilé tiwa, gbogbo èèyàn sì rí i pé wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn gbé ẹrù. Ìyá ọmọ oṣù méje kan ń bá mátírẹ́ẹ̀sì jà, ọmọ wà lápá ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ láti gba ọmọ, bó ṣe máa ń gbà á ní gbogbo Mọ́ńdè. Obìnrin náà gbé ọmọ sí apá kejì. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ dé òkè lọ́dọ̀ mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ìgbẹ́ ọmọ mi ni mo fún yín. Òun lẹ fi lé mi jáde nílé."

Ó wọ́ mátírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀ láàárín eruku, ó ń wo ilé wa lókè, ó ń wá mi. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ni mo wà, mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.