Téèpù Ọrùn Bàbá Télọ̀

Ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni mo máa ń pe téèpù tí bàbá télọ̀ wa ní ọjà Mont-Bouët ń gbé kọ́rùn. Ará Kétu ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń wọn èèyàn. Tí o bá tún padà wá, á ṣí ìwé rẹ̀, á ní, "Mo ti mọ ara ẹ." Mo bímọ méjì, mo sanra, síbẹ̀ ìwọ̀n tó gbà lọ́dún tí mo dé Libreville ló ṣì fi ń ránṣọ fún mi. Èmi ni mo máa ń tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà nílé kó tó gbà mí.

Nígbà Kòrónà, òun ló kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ládùúgbò wa. Ó lẹ káàdì rẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ó parí." Àfi bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí ọsibítù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí kò lè mí délẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kòkòrò Kòrónà ti pààrọ̀ ara. Èyí àtijọ́ ni àwọn sójà tí abẹ́rẹ́ dá sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá mọ̀, tuntun wá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn náà ni kò jẹ́ kó kú.

"Ṣé ó ṣiṣẹ́ ni àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Méjèèjì, màdáàmù."

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì yé mi.

Nígbà tí bàbá padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé áńkárá lọ. Kò ṣí ìwé. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn èjìká mi, ó tún un wọ̀n.

"Bàbá, ẹ ṣáà ti mọ ara mi."

"Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Dúró dáadáa, ọmọ mi."

Láti ìgbà tí mo ti bímọ, aṣọ yẹn ni àkọ́kọ́ tí mi ò tú.