Àpáta Hàlímọ̀ àti Bàálù Oníyanrìn

Hàlímọ̀ kò ṣeé bá gbé, àwọn tó ń bá a gbé kò sì fi bò. Ní Abà Ìdí-Òrí, lẹ́yìn Èrúwà, kò sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ kò tíì bà. Ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ gan-an gbà pé láfún rẹ̀ ló funfun jù. Àpáta tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fà á: ó tẹ́jú, oòrùn kì í sì kúrò lórí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Òfin àpáta kò le ní abà náà. Ẹni tó bá sá nǹkan sí i ló ni ín. Bó bá ṣófo láti ọjà kan dé ìkejì, ẹlòmíràn lè gbà á. Rùkáyàt, ìyàwó àbúrò ọkọ Hàlímọ̀, ti ń ṣọ́ àpáta yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Bó bá kí Hàlímọ̀ láàárọ̀, Hàlímọ̀ a dá a lóhùn bí ẹni tó ń tutọ́.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1972, àwọn òyìnbó kan gbé bàálù akẹ́rù tuntun wá dán wò. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ju ẹrù sílẹ̀ láti òkè nínú ooru wa yìí, bí ẹni pé a ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ṣán pápá kan lọ́nà ìlú Tápà, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun síbẹ̀ kí awakọ̀ lè rí ibi tí yóò ju ẹrù sí. Adéníran, ògbufọ̀ wọn, wá ń kiri abà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sá láfún. Láti òkè, funfun ni gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ ò ní mọ èwo ni tiwọn."

"Ta ni yóò bá mi ṣọ́ àpáta mi?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín."

Hàlímọ̀ wo Rùkáyàt tó fara ti ògiri, tó ń gbọ́. "O ò mọ ilé yìí. Sọ fún àwọn ọ̀gá ẹ kí wọ́n ká aṣọ wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ sá tèmi."

Àwọn obìnrin yòókù gbọ́ràn. Hàlímọ̀ sá láfún rẹ̀ kún àpáta, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi òrí.

Bàálù náà dé pẹ̀lú ariwo tó mú ewúrẹ́ já okùn. Ó yí po lókè Tápà, ó kọjú sí àpáta, ìdí rẹ̀ là. Àpótí ńláńlá já bọ́ pẹ̀lú agboòrùn aláṣọ lórí, wọ́n fọ́ yángá sórí láfún. Iyanrìn ló wà nínú wọn. Ìwọ̀n ẹrù lásán ni àwọn òyìnbó ń wá, iyanrìn sì ni wọ́n fi dí i.

Hàlímọ̀ sunkún, kì í ṣe ti ìbànújẹ́, ti ìbínú ni. Ó ṣépè fún bàálù, ó ṣépè fún ẹni tó rọ ọ́, ó ṣépè fún ẹni tó ta epo fún un. Adéníran ní àwọn ti kìlọ̀. Wọ́n kó pákó wọn, wọ́n lọ.

Hàlímọ̀ kò ní ẹ̀gẹ́ kankan nínú omi mọ́. Nígbà tí ọjà pé, Rùkáyàt ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rírẹ, ó mú Bàbá Láwàl, olórí agbo ilé, dání lọ sí àpáta. Wọ́n bá Hàlímọ̀ níbẹ̀, ó ti tún láfún oníyanrìn náà sá.

"Bàbá, èyí kì í ṣe oúnjẹ," Rùkáyàt wí. "Àpáta ti ṣófo."

Bàbá Láwàl mú ẹyọ kan, ó jù ú sẹ́nu. Iyanrìn dún láàárín eyín rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó tu ú nù.

"Láfún ni," ó wí. "Kò dáa, ṣùgbọ́n láfún ni."

Rùkáyàt gbé agbọ̀n rẹ̀ padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hàlímọ̀ rán Mùnírátù ọmọ rẹ̀ pé kó lọ ra láfún wá, ti àtijọ́ sì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ Rùkáyàt nìkan lábà.

"Sọ fún ìyá ẹ pé ó ní láfún lórí àpáta," Rùkáyàt wí. "Bàbá ti tọ́ ọ wò."

Nígbà tí Mùnírátù jíṣẹ́, Hàlímọ̀ dìde. Ó lọ bu díẹ̀ lórí àpáta, ó gún un, ó jọ̀ ọ́, ó fi rokà. Ó wá gbé àwo rẹ̀ jókòó síwájú ilé Rùkáyàt, ó ń jẹ ẹ́, gbogbo ilé sì ń gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi jẹ ẹ́ tán.