Irun Màlúù Lára Ọkọ̀ Ìjàpá

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti mú kí ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa, ọkọ̀ àtijọ́ tí a tọ́jú dáadáa níyì ju wúrà lọ. Iṣẹ́ mi ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan n'Íkẹjà ni kí n máa yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò tí ó bá ṣèṣe lórí ọkọ̀ akẹ́rù, kí n sì sọ bóyá ojú ọ̀nà ló ti ṣèṣe tàbí àpá náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ náà níṣẹ́.

Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n rán mi sí ilé olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Èkìtì, ní Agége. Ọkọ̀ ìjàpá wọn, ẹlẹ́yìn bìrìkìtì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé lórí tírélà ni, ara rẹ̀ sì ti tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú. Ọkọ̀ yìí ló gbé ìyàwó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Òun náà ni wọ́n fẹ́ kó gbé ọmọbìnrin wọn ní Sátidé. Bí n kò bá fọwọ́ sí i pé ojú ọ̀nà ló ti ṣèṣe, ẹni tí yóò na ara ọkọ̀ náà kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí ilé-iṣẹ́ wa ni yóò sanwó rẹ̀.

Àmọ́ àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí nílé wa. Kí n tó débẹ̀, Bàbá ti fọ ọkọ̀ náà, wọ́n ti fi òróró pa á títí ó fi ń dán.

"Ẹ ti fọ àwọn ẹlẹ́rìí mi dànù, sà," ni mo wí. "Eruku àti ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ni ǹ bá fi mọ òótọ́."

Ojú Bàbá wálẹ̀. "Ṣé kí ẹni tó ti ọ́fíìsì wá bá a bí ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

Awakọ̀ tírélà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ọ̀gá, ibẹ̀ ti tẹ̀ kí n tó gbé e. Èmi àti ọkọ̀ yìí nìkan la jọ rìn."

Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibẹ̀ bí ẹni ń ra orí ìkókó. Mo wá fi ìka tọ abẹ́ irin tó yí iná náà ká, níbi tí kànìnkànìn Bàbá kò dé. Irun pupa kúkúrú mẹ́ta bá mi jáde.

"Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, nínú ẹ̀yin àti ọkọ̀ yìí, ta ló ni irun yìí?"

Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ tó fá kodoro, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àṣírí tú! Màlúù méjì péré ni mo fi dí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń lọ sí ilé ìpẹran Oko Ọba. Epo ti wọ́n, Bàbá. Ààyè tó bá ṣófo, òfò ni. Ọ̀kan nínú wọn ni kò fẹ́ràn ojú tí ìjàpá fi ń wò ó."

Bàbá fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. "Gbogbo ọdún tí mo fi wà á, n kò fi kan ẹnikẹ́ni. Màlúù ló wá fìwo kàn án!"

Lórí itan mi níbẹ̀ ni mo ti fọwọ́ síwèé.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo yà síbẹ̀, mo tún fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibẹ̀: ó jọ̀lọ̀. Ìyàwó tuntun ti wà lẹ́yìn, Bàbá fúnra wọn ló jókòó síbi ìwakọ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣí báyìí ni awakọ̀ tírélà ti Oko Ọba dé, itan màlúù kan léjìká.

"Bàbá, ọ̀daràn náà rèé o. Ẹ dájọ́ fún un."

Bàbá yọrí jáde. "Gbé e lọ bá àwọn alásè nídìí iná! Ata ni ìdájọ́ rẹ̀!"

Wọ́n tẹ fèrè, ìjàpá náà sì gbé ìyàwó lọ.