Káàdì Tó Ti Jáde

Ọkọ mi ló kọ́ mi ní wọ́ọ̀tì, nítorí pé n kì í lè jókòó. Ó ní bí òun bá ń ti ibi iṣẹ́ ní Utako bọ̀, láti ẹnu géètì lòun ti ń gbọ́ ìró bàtà mi nínú ilé, tí mò ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá, tí mò ń ṣí ìkòkò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èèrà ló wọ̀ ọ́ láṣọ ni?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ra páálí káàdì kan bọ̀, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Karu, ó ní kí n fìdí lélẹ̀.

N kò mọ̀ pé ìṣirò ni ọkùnrin náà ń ṣe. Èmi á kàn ju káàdì tó bá wù mí. Òun á wo ilẹ̀, á wo ọwọ́ mi, á rẹ́rìn-ín. Ó jẹ mí níyà títí kó tó là mí lóye. Ó ní àwòrán ìràwọ̀ ló kéré jù nínú páálí, méje péré. "Bí mẹ́fà bá ti wà nílẹ̀, tí ìkeje wà lọ́wọ́ mi, kí lo rò pé ó wà lọ́wọ́ tìẹ? Màá kàn ju ogún ni, màá ní ìràwọ̀ ni mo fẹ́, wàá sì gba ọ̀nà ọjà lọ." Ogún ni káàdì tí èèyàn fi ń béèrè àwòrán tó bá wù ú. Ọjà là ń pe òkìtì tí à ń fà nínú ẹ̀ nígbà tí a kò bá ní èyí tí a ó jù. "Káàdì tó ti jáde ti jáde," ló máa ń wí. "Má bẹ̀rù ẹ̀ mọ́. Èyí tó kù ni kó o máa rò."

Ó dùn mọ́ mi, kí n má parọ́. Fún ẹni tí ọkàn ẹ̀ kì í lélẹ̀ bíi tèmi, ohun ìtura ni kéèyàn mọ ohun tí kò lè dé mọ́. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í na òun náà. Àfi ìgbà tó gbé ìṣirò náà kúrò lórí ẹní lọ sórí ọ̀rọ̀ ọmọ.

Àkọ́bí wa obìnrin ní fòníkú-fọ̀ladìde. A ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fẹ́ra. Ìfẹ́ ti fọ́ wa lójú. AS ni mí, AS lòun náà. Ẹni tí ọ̀ràn náà kàn ló mọ̀ ọ́n. Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ọmọ mi kì í ké. Á di etí aṣọ mi mú, á máa wo ògiri. Èmi ni mo máa ń ké.

A ti pinnu pé a ò ní bí òmíràn. Ìgbà tí oyún tún wá dé láìròtẹ́lẹ̀, mò ń rìn yípo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru mọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún wa tipẹ́ pé fún irú wa, nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ló lè ní in. Ọkọ mi rántí ọ̀rọ̀ yìí, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Ìwọ náà ṣírò ó. Mẹ́rin ni. Ọ̀kan ló burú níbẹ̀. Ọ̀kan yẹn ti jáde. Kí ló wá kù nínú páálí?"

Mo gbà á gbọ́! Ó tù mí lára bí omi tútù. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè oyún náà, ohun tí mo ń sọ fún un nìyẹn, pé ọ̀kan ti jáde. Lójú ọmọ mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ló ń sọ ní tiẹ̀, a rò pé Yorùbá wa ń gba orí ẹ̀ kọjá ni.

Mo bí ọkùnrin. Ní ọsibítù, wọ́n ní ká ní sùúrù kó pé oṣù mẹ́fà ká tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kí èsì lè dájú. Oṣù mẹ́fà! Èmi tí n kò lè dúró de omi kó hó. Mò ń wo ẹyinjú ẹ̀ bóyá ó ti ń pọ́n, mò ń tẹ ìka ẹ̀ bóyá ó wú. Bó bá sunkún, àyà mi á já. Bó bá dákẹ́, á tún já.

Ọjọ́ èsì pé, lọ́dún tí wọ́n lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú. Ọkọ mi ní òun ó yà ní ọsibítù láti ibi iṣẹ́, òun ó sì pè mí. Ọ̀sán pọ́n, fóònù ò dún. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo gbé e sórí fẹ́ǹsì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti sàn díẹ̀. Mo fọ aṣọ tó mọ́. Ọmọ mi, tó ti ń lọ bí ọmọ ọdún méje, ló fà mí lọ́wọ́. "Mọ́mì, siddon abeg. Make we play whot."

Mo jókòó, mò ń dìde, mò ń lọ wo fóònù, mò ń padà wá. Síbẹ̀ mò ń ka káàdì, kò sí bí mo ṣe lè ṣe kí n má kà á. Mẹ́fà nínú ìràwọ̀ ti lọ sílẹ̀, ìkeje wà lọ́wọ́ mi. Mo ju ogún, mo fẹ̀yìn tì: "Ìràwọ̀ ni mo fẹ́. Ó yá, lọ sọ́jà!"

Ọmọ náà rọra fi ìràwọ̀ kan lélẹ̀.

"Kai! Níbo lo ti rí èyí? Ó ti jáde!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Àṣé gbogbo ìgbà tí mo bá ti yíjú sí fẹ́ǹsì, ó ń fa àwọn tó ti wà nílẹ̀ láti abẹ́, ó ń pò wọ́n padà mọ́ ọjà. "Make e no finish," ló wí.

Mo fẹ́ bá a wí, àfi bí èrò kan ṣe sọ sí mi lọ́kàn. Bí èyí tó jáde bá ń padà wọlé, kí ni mò ń ṣírò? Ta ló sọ fún inú mi pé ọ̀kan ti jáde? Inú obìnrin kì í ṣe páálí tó ń dín kù. Gbogbo mẹ́rin ló tún pé nígbà tó kan ọmọkùnrin yìí, èyí tó burú sì wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Láti ìgbà oyún ni a ti ń tan ara wa.

Fóònù dún lórí fẹ́ǹsì. Ariwo ọkọ̀ kún etí mi, ohùn ọkọ mi sì borí ẹ̀. "AS ni! AS bíi tiwa! Ṣebí mo sọ fún ẹ? Ó ti jáde! Ó ti jáde!"

Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo sáré wọlé lọ gbé bèbí, mo fi í jó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ráyè bá ọkọ ẹ̀ jiyàn ìṣirò lọ́jọ́ náà?

Ọmọ mi ò jó. Ó ń to káàdì jọ, ó ń rẹ́rìn-ín kékeré kan sínú. Yorùbá ló wá fi bá mi sọ̀rọ̀, ó já geere.

"Mọ́mì, èmi ni mo mú un, àbí? Mo ti mú un, kó má baà kan bèbí. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro mí, ohun tí mo máa ń rò nìyẹn."

Yéè! Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Gbogbo ìgbà tó ń wo ògiri yẹn, ẹrù ọmọ tí a kò tíì bí ló rò pé òun ń rù.

N kì í ṣe ẹni tó lè gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo fà á mọ́ra, mo ní, "Rárá o, ọmọ mi. O ò mú nǹkan kan fún ẹnì kankan. Ṣó o rí bó o ṣe ń pò ó padà yìí? Bó ṣe rí nìyẹn. Páálí kún nígbà tó kàn ẹ́, ó tún kún nígbà tó kan bèbí. Kò sí ẹni tó gbé ẹrù ẹnì kan." Mo rò pé mò ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀ ni.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú ẹ̀. Ó wo àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí.

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ èmi?"

Mo jókòó tì í lórí ẹní yẹn, n kò dìde títí bàbá wọn fi wọlé.