Kí Ni Wọ́n Ń Kí Oníṣẹ́ Fáànù?

Iṣẹ́ wo ni kò ní ìkíni tirẹ̀ ní Ìlọ́bù? Aláró ni ìyá mi, "àrẹ̀dú o" ni wọ́n fi ń kí i. Wọ́n á bá àgbẹ̀ lórí ebè, wọ́n á ní "àroko bọ́dún dé o." Kódà ọ̀rẹ́ ìyá mi tó ń dirun ní Ìfọ́n, tí ẹnu rẹ̀ ń yára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ń gba "ojú gbooro o" lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Èmi nìkan ni wọ́n ń kí ní "ẹ káàbọ̀", bí àlejò.

Ẹ̀bi wọn kọ́. Kí òmìnira tó dé nìyẹn, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí ń mú ṣọ́ọ̀bù ńlá tutù. Èmi ni mo ń yan fáànù tí yóò fẹ́ atẹ́gùn tútù jáde, àti ẹ̀rọ oníná tí yóò máa yí i. Bí fáànù bá kéré, àfi kó sáré, ariwo á sì pọ̀. Bó bá tóbi, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò máa yí. Mo ṣàlàyé èyí nílé títí. Wọ́n gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí ìgbà tí n ó wáṣẹ́.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Òṣogbo ra ẹ̀rọ wa, fáànù ńlá ni mo yàn fún wọn. Ọ̀gá mi ní ó gbàyè jù, mo kọ̀ jálẹ̀. N kò sọ fún un pé ìyá mi ń bọ̀ wá wò ó, mo sì fẹ́ kó lè gbọ́ ohùn mi níwájú ẹ̀rọ náà.

Ìyá mi dé, ó jókòó. Atẹ́gùn ń gbé etí gèlè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ń ṣàlàyé, òun ń wo aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù, bóyá aró wọn dára. Nígbà tó yá, ó fi ìborùn bo èjìká, ó wojú mi.

"O kú òtútù o."

Kò rẹ́rìn-ín. Ohùn tó fi ń kí àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ìkíni iṣẹ́ ní èsì, n kò sì mọ tèmi.

"Kí ni kí n dáhùn, Ìyá mi?"

"Ṣé èmi ni mo niṣẹ́ ni?"

Mo ń wá èsì náà títí Ìyá fi padà sílé. Títí dòní, bí mo bá yan fáànù tó yí jẹ́jẹ́, mo máa ń kí ara mi ní "o kú òtútù o", n ó sì tún wá èsì rẹ̀. Ará Ìlọ́bù ṣì ń kí mi káàbọ̀.