Ọ̀gá Mi Dọ̀bálẹ̀ Nítorí Mi ní Bajulaiye

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ nítorí mi nínú omi, nínú ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye. Èmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo da àyà délẹ̀. Àkọ́bí mi dàgbà ju ọ̀gá mi lọ.

Ọdún tó kọjá ni, kété lẹ́yìn Iléyá. Iṣẹ́ plọ́ḿbà ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníròyìn ni mí tẹ́lẹ̀, láti ìgbà èwe mi títí di ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n ní kí oníkálùkù máa lọ sílé. Ilé tí wọ́n ní kí n lọ yẹn, ní Fola Agoro, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyàwó mi ti kú. Àwọn ọmọ wà lókè òkun.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ plọ́ḿbà. Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná mi ló ń jò, mo sì pe plọ́ḿbà kan. Bó ṣe ń tú u ló ń sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó wà ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ ẹni tó ju aṣọ sínú ṣáláńgá. Nígbà tó lọ tán ni mo rí i pé láti ìgbà tí àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn ti lọ, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìdáná yẹn. Oníròyìn, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń dá a lóhùn. Plọ́ḿbà, wọ́n á mú un dé bálùwẹ̀. Mo tọ ọkùnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó kọ́ mi níṣẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ẹ fẹ́ràn àwàdà."

Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwọn plọ́ḿbà ní Bariga, ọkùnrin kan láti etí òkun Oǹdó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Alága kò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀gá mi ló kọjú sí.

"Ṣé wàá lè rán an níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò wọ́n, Alága. Bàbá ni wọ́n."

"Mo ti rí i pé bàbá ni. Ṣé wàá lè bá a wí?"

Ọ̀gá mi wo ewú orí mi.

"Ẹni tí a ò lè bá wí, a ò lè kọ́ ọ níṣẹ́," ni alága wí. Ó ní kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ná. Tó bá di ìpàdé ìparí ọdún, tí ọ̀gá mi ò bá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ iṣẹ́ lòun fi mí ṣe, kí n padà sílé. Ilé yẹn ni mo sì ń sá fún.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi lé mi jìnnà. Wọ́n wá àga onítìmùtìmù fún mi. Tí mo bá mú ayùn, ẹnìkan á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á: "Ẹ jókòó, Dádì, a ti gé e." Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ń jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀sín. Tèmi, wọ́n á rà á lọ́tọ̀, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e ka orí àpótí bí oúnjẹ àlejò. Tí òjìji mi bá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àwàdà á dákẹ́. N kò rí ẹni bú mi, n kò rí ẹni rán mi, n kò sì mọ nǹkan kan sí i.

Nígbà náà ni ìyá kan tó ń gbé lókè ilé ìtẹ̀wé ní Bajulaiye pè wá pé páìpù bálùwẹ̀ òun ti là. Àwọn yòókù wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, èmi nìkan ni ọ̀gá mi rí mú dání. Ó jẹ́ kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù tuntun mọ́ ti àtijọ́. Bó ṣe ń lọ ra ẹnu ẹ̀rọ ní Palmgrove, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yẹn gbẹ dáadáa o. Ẹ má ṣí omi títí n ó fi dé."

Kò pẹ́ tí ìyá náà yọjú pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́. Ará Ìsẹ́yìn ni, ohùn ilé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, Aláàsárì ti ń lọ. Omi àlùwàlá díẹ̀ ni mo ń wá."

"Ó kù díẹ̀, Màmá. Kò tíì gbẹ."

"Àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ ò ní jẹ́ kí ìrun bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọmọ iṣẹ́ gidi ì bá ní, "Màmá, ọ̀gá mi ní kí n má ṣí i," ì bá sì sá sábẹ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Gbólóhùn yẹn wúwo lẹ́nu mi. Mo ṣí omi.

Páìpù yọ. Kí n tó rí ibi tí mo ti máa tì í, omi ti gba àárín pákó kọjá sísàlẹ̀, sórí kàlẹ́ńdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ fún ìjọ Onítẹ̀bọmi kan. Onítẹ̀wé ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ta ló ń wẹ̀ sí mi lórí?" Mo sáré sọ̀kalẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀gá mi ti pàdé mi bó ṣe ń dé. Kò wo ojú mi. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ sínú omi, èmi náà dọ̀bálẹ̀.

Onítẹ̀wé sún sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Mo ti ń gbé orúnkún. Ọ̀gá mi fi ọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́yìn.

"Ẹ má ní kí wọ́n dìde. Ọmọ iṣẹ́ mi ni wọ́n. Ohun tí mo ní kí wọ́n má ṣe ni wọ́n ṣe."

Onítẹ̀wé he kàlẹ́ńdà kan tó ti rin. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín kọjá tèmi. Ẹ wá bá mi sá ìwé."

Títí ìrọ̀lẹ́ ni a fi ń to kàlẹ́ńdà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwòrán àwọn díákónì ń rẹ́rìn-ín sí wa lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́nà ilé, ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré: "Lọ́la, ẹ̀yin nìkan lẹ máa tún páìpù yẹn ṣe. N ò ní fọwọ́ kàn án." Mo tún un ṣe. Kò jò.

Ìròyìn ti dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú mi. "Bàbá Kàlẹ́ńdà, ẹ bá wa ra gààrí wá," ni ẹnìkan wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Mo lọ rà á. Nígbà tí wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n sún fún mi nídìí abọ́. Wọ́n ti gbé àga onítìmùtìmù lọ, n kò béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí.

Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù a máa tì. Mo ń padà sí Fola Agoro, mo ń ṣí ilẹ̀kùn fún ara mi. Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná kì í jò mọ́. Nígbà tó ń jò, ó kéré tán, mo ń gbọ́ nǹkan.

Ìpàdé ìparí ọdún pé ní Bariga. Alága ní kí ọ̀gá mi dìde.

"Ṣé o ti bá a wí?"

"Mo ti bá wọn wí, Alága. A jọ dọ̀bálẹ̀ ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ni wọ́n."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹgbẹ́ ti gbà mí, n kò ní padà sílé, ṣùgbọ́n wọn kò ní tìtorí ọjọ́ orí dín ọdún ìkọ́ṣẹ́ mi kù. Lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, tí mo bá kọ́ṣẹ́ parí, n ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ bíi ti gbogbo ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá mi yóò fi sípánà lé mi lọ́wọ́, yóò sì ṣàdúrà.

"Ó ku ti páúdà," ni alága wí. "Ará ilé ọmọ iṣẹ́ ló ń dà á sí i lórí, kì í ṣe ọ̀gá, kì í ṣe ẹgbẹ́. Kí bàbá wá ẹni tí yóò da tiwọn. Àsìkò ṣì wà."